Ó Ń Gbọ́ Yorùbá, Sísọ Ni Kò Lè Sọ

Ìyá pe ọmọ rẹ̀ láti ilé ìdáná pé kó wá kó àwo orí tábìlì kúrò, kó sì nu ibẹ̀ kó tó padà sídìí géèmù. Ọmọ fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn pé òun ń bọ̀. Ó dé, ó kó àwo, ó nu tábìlì, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí ìyá sọ tí kò yé e. Bí ẹ bá bi ìyá náà léèrè, yóò ní, "Ó ń gbọ́ o, sísọ ni kò lè sọ." Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ó pọ̀ ní Houston, ó sì ti ń pọ̀ ní Ìkẹjà àti ní Bódìjà, níbi tí òyìnbó kò pọ̀ ládùúgbò.

Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé tí gbígbọ́ bá ti wà, sísọ ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí ọmọ bá délé, ẹnu rẹ̀ á là. Ohun tí ìwádìí ń sọ yàtọ̀ sí èyí. Ní Belgium, ní apá ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè Dutch, obìnrin onímọ̀ èdè kan, Annick De Houwer, fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn ìdílé tí òbí kan, ó kéré tán, ń sọ èdè mìíràn nínú ilé. Ó gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007, ìdílé 1,899 ló sì wà nínú rẹ̀. Èdè ìta kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, àwọn ọmọ ń sọ Dutch. Ti èdè ilé ni ìṣòro: nínú bí ìdílé mẹ́rin mẹ́rin, ọ̀kan wà tí ọmọ kankan kò ti ń sọ ọ́. Níbi tí bàbá àti ìyá ti ń sọ èdè ilé nìkan, ó lé ní mẹ́sàn-án nínú ìdílé mẹ́wàá tí ọmọ ti ń sọ ọ́. Níbi tí òbí kan ti di Dutch mú tí èkejì di tirẹ̀ mú, ó wá sí bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka ìwé ọmọ títọ́ á ti pàdé àmọ̀ràn "òbí kan, èdè kan" níbi púpọ̀. Ó ti pẹ́. Jules Ronjat, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1913, lórí ọmọ rẹ̀ Louis, tí bàbá ń bá sọ Faransé, tí ìyá ń bá sọ èdè Jámánì. Àmọ̀ràn náà dára, mi ò ní kẹ́ni má lò ó. Ṣùgbọ́n iye ẹni tó ń sọ èdè sí ọmọ létí nìkan kọ́ ló ń pinnu ohun tó máa ti ẹnu ọmọ jáde.

Etí ọmọ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tipẹ́. Láti inú oyún, ní àwọn oṣù tó kẹ́yìn, ló ti ń gbọ́ bí ohùn ìyá rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò. Nínú ọdún kìíní, etí á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà lẹ́ṣà: ohun tí wọ́n ń lò láyìíká rẹ̀, á mú un, ohun tí wọn kò lò, á jẹ́ kó kọjá. Karen Mattock àti Denis Burnham fi èyí hàn ní 2006 lórí èdè olóhùn. Ọmọ oṣù mẹ́fà tó wà láàárín Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń mọ ìyàtọ̀ láàárín ohùn kan àti òmíràn nínú ọ̀rọ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù mẹ́sàn-án, agbára yẹn ti ń dín kù lára rẹ̀, nígbà tí ti àwọn ọmọ tí wọ́n ń bá sọ Ṣáínà kò yẹ̀. Ọmọ tó ti ń gbọ́ Yorùbá láti kékeré ní ohun tí àgbàlagbà tó lọ kọ́ Yorùbá ní yunifásítì ń fi ọdún púpọ̀ wá. Ọrọ̀ ńlá ni, òbí kò gbọ́dọ̀ fojú kéré rẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹnu tún jẹ́ òmíràn. Ẹni tó ti ń wo bí wọ́n ṣe ń gúnyán láti kékeré mọ iyán tó kúnná yàtọ̀ sí èyí tó ní kókó, síbẹ̀ ẹ gbé ọmọ odó lé e lọ́wọ́ kí ẹ wò ó. Láti gbọ́, ọmọ kàn ní láti dá ọ̀rọ̀ mọ̀ nígbà tó bá dé etí rẹ̀, ojú àti ọwọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sì ń ràn án lọ́wọ́. Láti sọ, ó ní láti wá ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, kó fi ohùn tó tọ́ sí i, kó tò ó sípò, kó sì ṣe gbogbo rẹ̀ kí ẹni tó ń dúró dè é tó mú ojú kúrò. Ní Kánádà, Merrill Swain ṣàyẹ̀wò àwọn ọmọ elédè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti fi Faransé kọ́ ní ilé ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọ́n ṣe ń gbọ́ Faransé fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àwọn ọmọ onílé mu. Ti sísọ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí Swain kọ ní 1985 ni pé kò sí ohun tó ń fipá mú wọn sọ̀rọ̀ gígùn nínú kíláàsì: tíṣà ń sọ, wọ́n ń gbọ́, ìdáhùn ọ̀rọ̀ kan sì ti tó.

Ó yẹ ká bi ara wa léèrè irú Yorùbá tí à ń sọ fún àwọn ọmọ wa. Wá. Jókòó. Gbé e wá. Bọ́ bàtà ẹ. Ṣé o ti wẹ̀? Lọ sùn. Pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Mo ní kí o dákẹ́! Àṣẹ ni púpọ̀ nínú rẹ̀, àṣẹ kò sì béèrè ju kí ọmọ dìde nílẹ̀. Ọmọ lè fi odindi ọdún mẹ́wàá ṣe ọmọ dáadáa ní èdè Yorùbá láìla ẹnu. Tó bá wá di ọ̀rọ̀ tó gùn, ìyẹn ẹni tó bá a jà níléèwé, góòlù tí wọ́n jẹ lánàá, ìdí tí kò fi fẹ́ lọ sí lésìnnì mọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wa ń sá lọ bá nítorí pé ó yá. Ẹ tún fi ti ẹ̀kọ́ ilé kún un, pé ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Mi ò bá ẹ̀kọ́ yẹn jà. Ní agbo ilé àtijọ́, ọmọ tó dákẹ́ lọ́dọ̀ àwọn àgbà ní ogún ọmọdé níta tó ń bá jà, tó ń bá rẹ́rìn-ín, ní èdè kan náà. Nínú fúláàtì oníyàrá méjì ní Lọ́ńdọ̀nù, bí kò bá bá àwọn àgbà sọ ọ́, kò sí ẹni tó máa bá sọ ọ́.

Ibi tí ọ̀ràn ti ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni kéré púpọ̀, kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ: ìgbà tí ọmọ bá fi Gẹ̀ẹ́sì dá Yorùbá lóhùn. Elizabeth Lanza wo ìgbà yẹn fínnífínní ní Norway, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ kékeré tí ìyá wọn jẹ́ ará Amẹ́ríkà tí bàbá wọn sì jẹ́ ará Norway. Nínú ìwé tó gbé jáde ní 1997, ó to ohun tí òbí ń ṣe nírú àkókò bẹ́ẹ̀ láti orí èyí tó ń ti ọmọ síwájú dé èyí tó ń fà á sẹ́yìn. Òbí lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kó ní kí ọmọ tún un sọ. Ó lè fi èdè tirẹ̀ bèèrè bóyá ohun tí ọmọ ń sọ nìyẹn. Ó lè tún ọ̀rọ̀ ọmọ sọ ní èdè tirẹ̀, kó má bèèrè nǹkan kan. Ó lè máa bá ọ̀rọ̀ lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó sì lè bá ọmọ lọ sínú èdè kejì. Ẹ̀yìn gan-an ni èmi rí i pé púpọ̀ nínú wa wà, kódà láìmọ̀. A bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá, ọmọ dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn kẹta ti di Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu tiwa náà.

Ẹ jẹ́ ká wò ó lẹ́bàá ààrò. Ìyá ń dín dòdò, ọmọ ọdún méje dúró tì í pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ọmọ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé òun kò fẹ́ èyí tó ti jó.

"Èwo ni o ò fẹ́, èyí tó jó àbí èyí tó pupa?"

Ọmọ na ìka. Ṣùgbọ́n òróró ń ta, ojú ìyá wà nínú agbada òróró.

"Mi ò wo ọ̀dọ̀ ẹ. Èyí tó jó àbí èyí tó pupa?"

"Eyi to jo," gbogbo ohùn rẹ̀ dọ́gba bí ti òyìnbó.

"Ó dáa, o ò fẹ́ èyí tó jó. Mélòó ni kí n fún ẹ nínú èyí tó pupa?"

Ọmọ fi Gẹ̀ẹ́sì pe márùn-ún.

"Márùn-ún? Ṣé wàá lè jẹ márùn-ún tán?"

"Màá jẹ márùn-ún tán!"

Ẹ wo ohun tí ìyá yẹn ṣe. Kò sọ pé, "Sọ Yorùbá." Kò bínú, kò yin ọmọ ní àyìnjù. Ó kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè tí "bẹ́ẹ̀ ni" kò lè dáhùn, ó sì ti kó ọ̀rọ̀ tí ọmọ máa nílò sínú ìbéèrè náà. Nígbà tí ohùn yẹ̀, ó dá ọ̀rọ̀ padà fún un bó ṣe yẹ kó rí, ó sì bá dòdò rẹ̀ lọ. Gbólóhùn tó gùn jù tí ọmọ sọ, lẹ́nu ìyá rẹ̀ ló ti yá a, ohun tó sì mú un sọ ọ́ ni pé ó fẹ́ jẹ dòdò.

Mo ní láti fi ọ̀rọ̀ kan kún ti Lanza. Kí òbí ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè ṣiṣẹ́ fún ọmọ ọdún méjì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni ìyá òun, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ń bá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí ẹ bá sọ fún un pé ẹ kò gbọ́, irọ́ lẹ pa, ó sì mọ̀. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ lo "èyí àbí ìyẹn" bí ti ìyá onídòdò. Tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ẹkún tàbí ti ìbẹ̀rù, tí wọ́n lù ú níléèwé tàbí ikùn ń run ún, ẹ jẹ́ kó fi èdè tó bá wù ú sọ ọ́. Ẹ fi Yorùbá tù ú nínú, ẹ má fi kọ́ ọ.

Ohun tó ń pa ẹnu ọmọ mọ́ jù lọ ni yẹ̀yẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kí ìyá ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó ní, "Ṣé o jí dáadáa?" Ni ilé bá bú sẹ́rìn-ín, àbúrò ìyá ní, "Hẹ̀n-ẹ́n, ìwọ àti màmá ti dẹgbẹ́!" Kò sí ibi lọ́kàn ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọmọ kò ní tún gbà kí wọ́n gbé fóònù sí i létí. Ẹ jẹ́ ká sì ṣe ìṣirò "o" àti "ẹ" yìí dáadáa. Gbogbo ẹni tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní Yorùbá ń pè é ní "o". Kò sí ẹni tó máa sọ "ẹ" fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. "Ẹ" jẹ́ ohun tí ọmọ ní láti gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nígbà tí àwọn àgbà bá ń bá àwọn àgbà jù wọ́n lọ sọ̀rọ̀. Ní Àkúrẹ́, á gbọ́ ọ títí yóò fi sú u. Ní Peckham, bí ìyá kò bá sọ "ẹ" fún ọkọ rẹ̀, tó sì ń lọ sínú yàrá lọ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, níbo ni ọmọ máa ti gbọ́ ọ? Ọmọ náà kò ya aláìlẹ́kọ̀ọ́, ohun tí wọ́n fún un ló ń lò. Ẹ máa bá àwọn òbí yín sọ̀rọ̀ ní pálọ̀, níbi tí ọmọ wà. Kí ẹ sì ti bá àwọn ará ilé sọ ọ́ ṣáájú: ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má jẹ́ kó tún un sọ nígbà mẹ́ta, ẹ kàn dá a lóhùn.

Fóònù yìí kì í ṣe ohun kékeré. Ní 2003, Patricia Kuhl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Seattle kó àwọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án tí wọ́n ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jọ. Àwọn kan bá ẹlédè Ṣáínà jókòó lójúkojú, ó ń ka ìwé fún wọn, ó ń bá wọn ṣeré. Àwọn mìíràn wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tó rí ènìyàn mú ìró Ṣáínà, àwọn tó wo tẹlifíṣọ̀n kò mú nǹkan kan. Ní 2014, Sarah Roseberry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé fídíò tí ẹni inú rẹ̀ ń rí ọmọ, tó sì ń dá a lóhùn, kọ́ ọmọ ọdún méjì ní ọ̀rọ̀ tuntun; fídíò tí wọ́n ti ká sílẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìyá àgbà lórí WhatsApp ní Ìbàdàn ju ọ̀pọ̀ katúùnù lédè Yorùbá lọ, bí wọ́n tilẹ̀ ń kọrin dáadáa nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ní láti rí nǹkan bá a sọ. Bí a ṣe ń ṣe é báyìí, ìkíni ni: ẹ káàárọ̀ mà, ṣé àlàáfíà ni, àlàáfíà ni, ó dàbọ̀. Ọmọ lè há a sórí bí àdúrà. Ẹ fún ọmọ ní ìròyìn tí òun nìkan mọ̀, kí ẹ̀yin má ti sọ ọ́ ṣáájú. Eyín rẹ̀ yọ. "Eyín wo? Ti òkè àbí ti ìsàlẹ̀? Ṣé ẹ̀jẹ̀ jáde? Níbo lo jù ú sí?" Màmá tó ń fẹ́ mọ̀ ní tòótọ́ kò nílò ìwé olùkọ́. Tàbí kí ẹ rán ọmọ níṣẹ́ sí i: kó bèèrè bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀wà àkàrà ti po tó, kó wá sọ fún yín nígbà tí ẹ ṣì ń pò ó, kó sì jẹ́ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kò mọ̀.

Àwọn baba wa ní irinṣẹ́ kan tí mo rò pé kò sí èyí tó dára jù ú lọ, òun ni àlọ́. Ní Amẹ́ríkà, Grover Whitehurst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn òbí ní 1988 pé tí wọ́n bá ń kàwé fún ọmọ ọdún méjì, kí wọ́n máa dúró, kí wọ́n bi ọmọ ní ìbéèrè tó ń fa ọ̀rọ̀ jáde, kí wọ́n sì fẹ ìdáhùn rẹ̀ lójú. Lẹ́yìn oṣù kan péré, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ti kọjá ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n kàn ń kàwé fún. Àpalọ́ kò lè bẹ̀rẹ̀ bí kò bá gbọ́ ìdáhùn: "Ààlọ́ o!" "Ààlọ̀!" Àlọ́ àpamọ̀ jẹ́ ìbéèrè látòkèdélẹ̀. Àlọ́ àpagbè ní orin tí gbogbo ọmọ á jọ gbè, tí ẹni tí ohùn rẹ̀ kò dá a lójú lè fara pamọ́ sínú ohùn àwọn yòókù. Ọmọ tí kò lè so gbólóhùn mẹ́ta pọ̀ lè gbe orin ìjàpá pẹ̀lú ohùn tó pé, orin sì ń gbé ohùn ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ fún un. Bí ẹ bá ti gbàgbé àlọ́ yín, ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín. Àlọ́ náà kò nílò kó gùn.

Àwọn ọmọ fúnra wọn tún ń ba nǹkan jẹ́. Àkọ́bí ló sábà máa ń sọ Yorùbá jù nínú ilé, títí yóò fi wọ iléèwé tí yóò gbé Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ wálé fún àwọn àbúrò. Ohun tí mo ti rí tó ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n fi ọmọ ọwọ́ lé ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́, kí wọ́n ní Yorùbá nìkan ni ọmọ yìí gbọ́. Ipò àgbà máa ń dùn mọ́ ọmọdé.

Ẹ̀rù kan ṣì wà tí mo ní láti lé jáde, nítorí ó ń wọ ilé látẹnu tíṣà àti nígbà mìíràn látẹnu dókítà: pé èdè méjì ń da ọmọ lọ́pọlọ rú. Ó gbilẹ̀ láyé àtijọ́, ìgbà tí wọ́n ń fi ọmọ tálákà elédè méjì wé ọmọ olówó elédè kan. Ní 1962, Elizabeth Peal àti Wallace Lambert ní Montreal fi àwọn ọmọ tí ilé wọn jọra wéra, àwọn elédè méjì ló mókè. Nílé wa níbí, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní 1970, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àmúlùmálà tí ọmọ ń sọ, à ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn agbẹjọ́rò náà, kò sẹ́ni tó ń gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Àmọ́ bí ọmọ bá pé ọdún méjì tí kò tíì so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ ní èdè èyíkéyìí, ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, kí onímọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ sì rí i. Ẹ ka ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ pọ̀ tí wọ́n bá ń ka iye ọ̀rọ̀ tó mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ pa Yorùbá tì, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ kí ọmọ náà máa fi bá ìyá àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àwọn tó ti dàgbà ńkọ́, ọmọ ọdún méjìlá tí kò tíì sọ gbólóhùn Yorùbá kan rí? Ó ṣòro jù ti ọmọ kékeré lọ, ṣùgbọ́n kò tíì bàjẹ́. Etí rẹ̀ wà níbẹ̀. Òun kọ́ ni kí ẹ máa pàlọ́ fún. Ìrìn-àjò ilé máa ń ṣe é lóore bí ẹ bá fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, kì í ṣe nínú hòtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú yín. Àwọn ọmọ yẹn kò ní dúró dè é. Wọn á fi ṣe yẹ̀yẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n yẹ̀yẹ́ ẹgbẹ́ ẹni ṣeé dá padà, ti àgbàlagbà kò ṣeé dá padà, èyí ló jẹ́ kí ìyàtọ̀ wà. Tó bá padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sá lẹ́nu rẹ̀ bí kò bá sí ẹni tó ń bá a sọ ọ́. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ rí i pé òun àti ọ̀kan nínú wọn ti gba nọ́ńbà ara wọn, kí ẹ máa san dátà fún èyí tó wà nílé, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa bú ara wọn lórí bọ́ọ̀lù.